Ilá Tí Ìjì Yàn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọláníkẹ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni obìnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Houston, tí wọn kò sì kà á sí olùkọ́ pátápátá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀, wọn a ránṣẹ́ pè é. Bí wọn kò bá pọ̀, wọn a ní kó máa sinmi nílé. Ọláníkẹ́ a kọ́ni láàárọ̀ ní ọgbà kan, a tún sáré gba orí freeway lọ sí òmíràn lọ́sàn-án, a máa jẹ ẹ̀pà nídìí ọkọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Kò ní yàrá, kò ní àga tó lè pè ní tirẹ̀. Ẹ̀gàn ni, bí ẹ bá bi mí, ṣùgbọ́n òun kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, àyè olùkọ́ gidi kan ṣí sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè kàn jí lọ́jọ́ kan gbà lọ́wọ́ ẹni. Ọláníkẹ́ béèrè fún un. Wọ́n ṣà á títí, ó wá ku òun àti ọkùnrin kan láti Dallas, wọ́n sì ní kí kálukú wá kọ́ kíláàsì kan lójú àwọn àgbà ẹ̀ka. Dókítà Kessler, olórí ẹ̀ka náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìmọ̀ rẹ̀, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló máa ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé àwọn, nítorí pé ahọ́n ibòmíràn ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kó rọra sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọláníkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tó dénú ọkọ̀, tó ti fèrèsé pa, ló tó bú u ní Yorùbá, ahọ́n ibòmíràn náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun tí wọ́n ní kí àwọn méjèèjì kọ́ni ni ìrìn àjò orí òkun tí Darwin, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, rìn ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, àti bí ìrìn àjò náà ṣe mú un ronú pé ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọkùnrin Dallas ní àwòrán rẹpẹtẹ tí wọ́n ń fi iná tàn sára ògiri: àwòrán ọkọ̀ ojú omi, àwòrán erékùṣù, àwòrán oríṣiríṣi ẹyẹ. Ọláníkẹ́ kò ní àwòrán kankan. Ilá ló ní.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Olúdọ̀tun, ọkọ rẹ̀, ń bọ̀ wá kàwé ní 1975, ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ di irúgbìn ilá sínú àkísà, ó sì kì í bọ abẹ́ àwọn ẹ̀wù inú àpótí rẹ̀, pé ọmọ òun kò ní máa jẹ ọbẹ̀ àjèjì kiri. Olúdọ̀tun kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Ó pín irúgbìn náà fún ìyàwó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Lará tó ń gbé ní Clear Lake àti Wùmí tó ń gbé ní Baytown, ó sì fi ìyókù pamọ́ de ìyàwó tirẹ̀. Bí ilá Màmá ṣe pín sí ilé mẹ́ta nìyẹn, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń pa irúgbìn tirẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún.

Lará ní ilá tí kò bá yọ̀ kì í ṣe ilá. Èyí tó bá yọ̀ jù lọ ló ń fi sílẹ̀ kó gbó, òun ló sì ń gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọláníkẹ́ tó ń gbé ní Cypress kò ní sùúrù ní tirẹ̀. Igi tó bá kọ́kọ́ so ló ń gba irúgbìn lórí rẹ̀, títí ilá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fi ń so kí ti àwọn yòókù tó tanná. Wùmí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni, kò ráyè yan nǹkan kan. Ìjì ló bá a yàn án. Lóṣù kẹjọ ọdún 1983, ìjì Alicia ti ojú òkun dé, ó ká òrùlé, ó gbé omi wọlé onílé, gbogbo ilá gíga ẹ̀yìn ilé Wùmí sì sùn lọ bẹẹrẹ. Àwọn ràrá mélòó kan tí igi wọn le ló dúró. Àwọn ni Wùmí gba irúgbìn lórí wọn, nítorí pé kò rí òmíràn. Láti ìgbà náà, ilá Baytown kì í ga kọjá ìbàdí ènìyàn.

Ohun tí Ọláníkẹ́ fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyí: ìyá kan, ilé mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta tí ìrísí wọn ti ń yàtọ̀. Ohun tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún márùn-ún wá kiri lójú òkun, ó ti rí ẹ̀dà rẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé àwọn obìnrin Yorùbá. Ó gba ilá gbígbẹ lọ́dọ̀ Lará àti Wùmí, ó fi tirẹ̀ kún un, ó dì wọ́n ní ìdì mẹ́ta, ó sì so wọ́n kọ́ sínú gáréèjì. Bó bá ti ń wo àwọn ìdì náà ni orí rẹ̀ ń wú. Ó ní kí ọkùnrin Dallas máa tan àwòrán rẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá Ìgbájọ wà lọ́dọ̀ wọn. Ó wá wẹ ọmọ tuntun, Olúwabùnmi. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń káwọ́ gbera. Tó bá wẹ ọmọ tán, a fọ ohun tó mọ́. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, a tún un tò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Ọláníkẹ́ máa kọ́ kíláàsì náà, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Màmá nídìí tábìlì ilé ìdáná, agolo mílíìkì ọmọ kan wà níwájú rẹ̀. Inú Màmá ń dùn. Ó ní, "Ìyá Bùnmi, mo ti bá ọ pa gbogbo ilá inú gáréèjì yẹn. Irúgbìn wọn ti wà lójú kan báyìí. Ilá mi ni gbogbo wọn, àbí? Kí ni ọmọ ìyá kan náà ń ṣe nínú ìdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

Ọláníkẹ́ wo inú agolo. Irúgbìn ilá kún un, gbogbo wọn dúdú róbótó, kò sí ohun tó fi ti Baytown hàn yàtọ̀ sí ti Clear Lake. Ó béèrè èèpo wọn. Màmá ní òun ti kó o sínú ike ìdọ̀tí, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí sì ti gbé e lọ láàárọ̀. Ó tún fi ayọ̀ sọ pé òun ti fa àwọn igi gbígbẹ ẹ̀yìn ilé tu, kí ilẹ̀ lè mọ́.

Kí ni ìyàwó ilé máa sọ fún ìyá ọkọ? Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Lẹ́yìn náà ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, ó sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ibẹ̀ ni Olúdọ̀tun bá a. Ó ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọláníkẹ́ ní agbè fọ́ o.

"Dọ̀tun, gbogbo lecture mi ló wà nínú agolo yẹn. Kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́. Tí mo bá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ahọ́n mi ò dáa, ọwọ́ mi náà ò tún ní nǹkan kan."

"Màmá ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè bínú."

Irọ́ ni. Ó ń bínú. Ó kàn ń fi ìbínú náà pamọ́ sábẹ́ "ẹ ṣeun mà" ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀.

Ó bu omi bọ́jú, ó jókòó láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò láìsí ilá nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe wọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Beagle, tí òkun sì ń rọ́ ọ nínú débi pé kò lè gbé ohun kan mì ju èso àjàrà gbígbẹ lọ. Ó dé ibi àwọn erékùṣù Galápagos. Ó dé ibi tó ti padà sí London, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa ẹyẹ wo àwọn òkú ẹyẹ kéékèèké tó kó wálé, tó sì sọ fún un pé irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tó wá béèrè pé erékùṣù wo ni ó ti mú èyí, erékùṣù wo ni ó ti mú tọ̀hún.

Ọláníkẹ́ dúró. Ó rántí ohun tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà láìtiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Darwin kò lè dáhùn. Ó ti rò pé ọmọ ìyá kan náà ni ẹyẹ gbogbo erékùṣù náà, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú ẹyẹ erékùṣù kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Inú ẹrù ọ̀gá ọkọ̀ àti ti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ wọkọ̀, tí wọ́n ti kọ orúkọ erékùṣù mọ́ ẹyẹ tiwọn, ló ti lọ wá ìdáhùn.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ọláníkẹ́, ẹ̀rín tó ta Bùnmi jí lójú oorun. Màmá yọjú, ó béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Ọláníkẹ́ ní ara òun yá. Ó gbé fóònù, ó pe Lará, ó pe Wùmí.

Lará ní kò sí ìyọnu, pé irúgbìn òun wà lára ògiri ilé ìdáná, òun sì ti fi bébà kékeré kọ orúkọ àti ọdún mọ́ ọn. Ohun gbogbo nílé Lará ló ní orúkọ, títí kan ìkòkò iyọ̀. Ojú ti Wùmí ní tirẹ̀. Ó ní òun kò tíì ro ẹ̀yìn ilé láti ọdún tó kọjá, pé àwọn igi ilá náà ṣì wà nídùúró pẹ̀lú èso gbígbẹ lórí wọn, kí Ọláníkẹ́ jọ̀wọ́ má sọ fún ẹnì kankan. Ọláníkẹ́ ní kí Ọlọ́run bù kún ìmẹ́lẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní òun kò ní jókòó sílé kí ìyàwó òun máa dá wa ọkọ̀ kiri. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n forí lé Baytown. Lójú ọ̀nà ni Ọláníkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìrìn àjò náà fún un, nítorí pé ìtàn téèyàn bá lè sọ yé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kò sí ọmọ Amẹ́ríkà tí kò ní yé. Ó sọ fún un nípa ìjàpá ńláńlá tó ń gbé erékùṣù wọ̀nyẹn, tí ẹnì kan tó jẹ́ aláṣẹ níbẹ̀ sọ fún Darwin pé bí òun bá ti rí karawun ìjàpá, òun á mọ erékùṣù tó ti wá. Darwin kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, àwọn atukọ̀ ń pa àwọn ìjàpá tí wọ́n kó dání jẹ, wọ́n sì ń ju karawun wọn sókun.

"Wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n wá ju karawun tó yẹ kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá gbójú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn ilé iṣẹ́ epo tí iná ń jó lórí ọ̀pá wọn. Ó wá bi í pé ṣé ilá inú gáréèjì yẹn, ohun iṣẹ́ ni. Ọláníkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò burú, mà.

Ẹ̀yìn ilé Wùmí dijú fún koríko, ṣùgbọ́n ilá wà níbẹ̀. Ó gbẹ, ó nípọn nídìí, ó kúrú bí ọmọdé tó ń ṣe agídí. Màmá yí i ká. Ní Ìgbájọ, ọ̀pá ló fi ń fa ilá tirẹ̀ wálẹ̀ kó tó lè ká a, ẹnu rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ pé ilá kì í ga ju olóko lọ, bó bá ga ju olóko, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èyí kò fẹ́ ìtẹ̀. Màmá dì í mú nídìí, ó mì ín, kò mì. Ó ní èyí kì í ṣe ilá òun. Wùmí búra fún un pé òun ni, pé irúgbìn inú àkísà yẹn ló bí i. Màmá tún mì ín.

Ọláníkẹ́ hú igi kan tigbòǹgbòtigbòǹgbò. Wọ́n gba Clear Lake kọjá, wọ́n gba ti Lará. Ti Cypress, tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ni kò sí. Inú agolo ló wà, kò sì sí ẹni tó lè fà á yọ.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Olúdọ̀tun wà níbi iṣẹ́, Màmá sì ní òun kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ilá òun kọ́ni. Gbogbo wọn ló lọ. Màmá pọn Bùnmi, ó jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá nínú kíláàsì náà. Dókítà Kessler wò ó, ó wo Ọláníkẹ́, ó sì jókòó. Àwọn àgbà méjì yòókù jókòó tì í pẹ̀lú gègé lọ́wọ́ wọn.

Ọláníkẹ́ fẹ́ rọra sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó wá pa gbogbo ìyẹn tì. Ó da irúgbìn inú agolo sórí tábìlì, ó ní ilé mẹ́ta ni wọ́n ti wá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bá òun ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n pagbo yí tábìlì ká, wọ́n ń yí irúgbìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jẹ́wọ́ pé kò ṣeé ṣe. Ó ní ó dáa, ibi tí wọ́n wà yẹn gan-an ni ọkùnrin náà wà nígbà tó dé London, ọlọ́gbọ́n ni, ọdún márùn-ún ló fi bì lórí òkun, kò sì mọ èyí tó ti ibì kan wá.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣàn. Ó sọ ti ẹyẹ, ó sọ ti ìjàpá tí wọ́n jẹ, kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ilá Lará sókè, ó ní obìnrin kan ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ yan èyí. Ó wá gbé igi ràrá náà kalẹ̀, amọ̀ Baytown ṣì wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní obìnrin tó ni èyí kò yan nǹkan kan, ta ló yàn án?

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé, ọmọ Baytown ni. Ó wo amọ̀ yẹn, ó wo igi yẹn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Alicia."

Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò rántí ibi tó sá sí lọ́jọ́ ìjì yẹn. Ọláníkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjì kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò mọ ohun tó ń ṣe, síbẹ̀ ó yàn. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ilá ṣì ni ilá Baytown, kò tíì di ohun mìíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà nìyí, àìmọye ìjì àti àìmọye ọdún ló kù níwájú. Kò sí ẹni tó ní kó tún ọ̀rọ̀ kan sọ.

Dókítà Kessler ló nawọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ nínú gbogbo ilá wọ̀nyí, èwo ni ojúlówó.

Ọláníkẹ́ ti ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kò ní jáde lẹ́nu òun lọ́jọ́ náà. Ó gbé igi ilá náà sókè. "Màmá," ó ní, "wọ́n ń béèrè ojúlówó ilá. Ṣé èyí jẹ́ tiyín?"

Màmá dìde, ó tún ọ̀já ọmọ so. Obìnrin yìí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tó ti jókòó, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n bi í.

"Ilá tèmi ga," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbin tèmi síbẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ebi á sì pa ọmọ mi. Èyí dúró. Sọ fún wọn pé mo ti gbà á lọ́mọ."

Kí Ọláníkẹ́ tó túmọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin Baytown ní kí ó jọ̀wọ́ ní kí ìyá àgbà náà tún un sọ, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i bó ṣe sọ ọ́. Màmá tún un sọ. Ọláníkẹ́ wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ahọ́n Ìgbájọ tirẹ̀ láìdín kan kù. Orí rẹ̀ wú, kò sì fi pamọ́.

Ọkùnrin Dallas ti kọ́ tirẹ̀ ṣáájú, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Dókítà Kessler jáde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà láti oṣù kẹsàn-án. Kò dárúkọ ohùn, kò dárúkọ ahọ́n. Ó bọ Màmá náà lọ́wọ́, Màmá sì fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó gbàdúrà gbọọrọ fún un títí ọkùnrin náà fi ṣe àmín.

Wọ́n ti gun freeway, Bùnmi ti sùn, kí Màmá tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Bùnmi, o bínú sí mi lọ́jọ́ tí mo da irúgbìn yẹn pọ̀."

Ọláníkẹ́ ní rárá o, òun kò bínú. Màmá ń wò ó. Ọkọ̀ ńlá kan ya wọ́n sílẹ̀, òmíràn tún yà wọ́n.

"Mo bínú, mà," ni Ọláníkẹ́ wá sọ. "Mo bínú gan-an. Mo sunkún."

"Mo gbọ́ ọ. Omi tó o ṣí ò bo ohùn rẹ." Màmá tẹ́ aṣọ lé ọmọ lẹ́sẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń wò ó bóyá wàá bínú sí mi rí. Àlejò là ń ṣe 'ẹ ṣeun mà' fún bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo bí máa ń bínú sí mi. Lọ́jọ́ mìíràn, jáde nínú balùwẹ̀, kó o wá bínú sí mi lójú mi."

Ọláníkẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì ríbi nu ojú. Màmá ní kó máa wo ọ̀nà.